Ẹni Tó Di Okùn Mú

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí o ti kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ níka. Mo gbà pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò sì tíì gba gbogbo oorun ojú rẹ. Àwa náà ń bẹ láàyè, ìyá rẹ ń kí ọ. Tó bá ṣe ti ara nìkan ni, kò sí ohun tó ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi tó là láti ọjọ́ Sátidé kò tíì pa dé.

Mo mú fóònù láti pè ọ́, mo tún gbé e sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí bàbá ń sọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń sáré wọ ọkọ̀. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó kà á.

O rántí àríyànjiyàn wa nígbà tí o wálé kẹ́yìn. Mo ní n kò ní fi ọ́ fún ọmọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, nítorí ará òdìkejì títì ni àwọn ẹbí rẹ̀, àjèjì tó dé nígbà tí ilé ti kún, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orírun wọn. O ní, “Bàbá, ẹ lọ wádìí. Tí ẹ bá fi ibi tí wọ́n ti wá hàn mí, màá gbọ́ tiyín. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ máa súre fún wa lópin ọdún.” Kíá ni mo gbà. Èmi ọmọ ọmọ Baba Oníkànga, ta ni yóò bá mi du ipò onílé?

O mọ ìtàn náà, torí o máa ń bá mi parí rẹ̀ ni. Baba Oníkànga nìkan ló wọ inú igbó tí kò sí ẹnì kankan, òun nìkan ló gbẹ́ kànga, omi sun, àwọn èèyàn sì wá tẹ̀dó yí i ká. Ibẹ̀ ni mo rò pé ìwádìí mi yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìtàn náà sì ti ya mọ́ mi lọ́wọ́.

Àwọn kan ń gbẹ́ kànga lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Mo lọ wòran, mo rí i pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀, ẹnì kejì wà lókè tó ń fi okùn fa garawa yẹ̀pẹ̀. Mo bi ẹni òkè bóyá èèyàn lè dá a ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹni tó bá dá a gbẹ́, ṣé eyín ló máa fi kó yẹ̀pẹ̀ jáde ni? Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́, ta ló máa fà á sókè?” Ẹ̀rín náà bá mi délé.

Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá mi. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ tí Baba Oníkànga bí. Ó ń ṣa ìrẹsì lẹ́bàá fèrèsé. Mo ní, “Ìyá, ta ló di okùn mú fún Baba?” Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú àwo. Ó ní, “Ìyàwó rẹ̀ ni.” Mo ní ṣé ìyá yín? Ó ní, “Ìyá mi ò tíì dé nígbà yẹn.”

Àwọn méjì ni wọ́n jọ wá, ọkọ àti ìyàwó. Ọkọ wọ inú ihò, ìyàwó dúró lókè, ó lọ́ okùn mọ́ ìbàdí, ó ń fa yẹ̀pẹ̀ títí omi fi dé. Nígbà tí ibẹ̀ dùn tán, Baba fẹ́ ìyá Ìyá Àgbà, tó bí bàbá tèmi náà. Ilé kò gba obìnrin méjèèjì. Ìyáálé mú ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ó sọdá títì, ó sì kọ̀ fún un láti jẹ́ orúkọ Baba. Ọmọ yẹn ni bàbá àgbà ọmọkùnrin tí o fẹ́ fẹ́.

Mo ní irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí lójú àgbàlagbà, Ọlọ́run dárí jì mí. Kò bínú. Ó ní lọ́jọ́ tí Baba ń kú lọ, òun ọmọdé ni wọ́n rán sódìkejì. Ìyáálé wá, òun àti ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà. Baba di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó ní, “Àkọ́bí mi nìyí.” Ó wá kọjú sí obìnrin náà, ó ní, “Má jù mí sílẹ̀ o.” Obìnrin náà ní, “Ṣé mo jù ẹ́ sílẹ̀ rí?” Ó jókòó tì í títí ẹ̀mí fi bọ́, ó sì padà sílé rẹ̀. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ mọ́.

Mo bi Ìyá Àgbà pé kí ló dé tó fi ń wò mí níran nígbà tí mo ń pariwo àjèjì kiri. Ó ní, “O ní o ò ní gbà kí wọ́n fẹ́ra. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.”

Láti ìgbà yẹn n kò lè fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Mo rán apá ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà mọ́ ọrùn, ìyá rẹ ló bá mi tú u. Àwọn tí mo ń pè ní àtọ̀húnrìnwá, àwọn ni àgbà fún wa. Bó bá mọ síbẹ̀ ni, ǹ bá gbé ìgbéraga mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò, ǹ bá sì súre fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín, ọmọ mi. Bàbá rẹ̀ àti èmi, ọmọ ọmọ ọkùnrin kan ni wá, a kì í sì í fẹ́ ẹbí ẹni. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń wá ẹ̀rí pé àjèjì ni wọ́n, n kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá bẹ Ọlọ́run kí ó rí bẹ́ẹ̀.

N kò ní sọ fún ọ pé wàá rí ẹlòmíràn, torí mo mọ̀ pé yóò bí ọ nínú. Wálé ni. N kò lè dá a sọ fún ọmọkùnrin náà.

Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú níbi tí ọwọ́ èmi àti ìyá rẹ kò dé. Kí ẹkún rẹ má pẹ́. Kí ilé yìí má di ibi tí wàá máa sá fún.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, tí ọ̀rọ̀ pa lẹ́nu mọ́.

Ohun tó kù: Mo ti ká lẹ́tà yìí tán kí ọmọkùnrin náà tó wọlé wá fi òróró sí ẹ̀rọ. O mọ̀ pé ìdúró ni mo máa ń jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Lónìí, n kò mọ ìgbà tí mo fa àga fún un, tí mo ní, “Jókòó, ọmọ mi.” Ó wo àga, ó wò mí, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ máa gbà.” Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti sáré jáde pẹ̀lú fóònù létí. Ìwọ ló ń pè.