Èbúté Orí Òkè

Màámi,

Ara mi le o. Bí ìwé yìí bá rí wọ́gọwọ̀gọ, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú: ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yìnyín dí ọ̀nà abúlé wa, obìnrin kan sì ń rọbí. Èmi àti Bàábá Léonce, ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní ọkọ̀ òfuurufú wíwà, lọ gbé dókítà wá láti ìsàlẹ̀. Bí a ṣe ń bọ̀, kùrukùru bo gbogbo òkè. Lójijì ló là díẹ̀, mo sì rí pápá ọkọ̀ òfuurufú wa tó rọ̀ mọ́ èjìká òkè, tí àwọn ará abúlé ti tan àtùpà sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. A balẹ̀, ọkọ̀ náà kàn yọ̀ díẹ̀ kó tó dúró.

Bí wọ́n ṣe ń di apá ọ̀tún mi tó gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nígbà tó yọ̀, mo bi Bàábá Léonce ìdí tí wọ́n fi ń pe irú pápá kékeré bẹ́ẹ̀ ní "altiport".

Ó ní, "Gíga ni 'alti' lédè àwọn ará Róòmù àtijọ́. 'Port' ni èbúté. Ìwọ ọmọ apẹja yìí, o ò dá èbúté mọ̀ mọ́?"

Màámi, ẹ rán mi wá sórí òkè kí òkun má baà gbé mi lọ bíi ti Bàbá. Èbúté náà ni mo tún bá níbí. Mo wá mọ ohun tí Bàbá máa ń rí nígbà tí ẹ bá gbé àtùpà dúró dè wọ́n létí omi.

Ọmọbìnrin ni obìnrin náà bí. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Yannig àti gbogbo ará ilé.

Èmi ọmọ yín,
Gwendal