Ìyá Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nígbà Tí A Ń Ka Àwọn Tí Kò Ríbi Sùn l'Ákùúrẹ́

Irọ́ ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù, kò sẹ́ni tó tì mí sí i. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, àwọn ará Oǹdó pọ̀ lórí page yìí.

Mo wà lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti ka àwọn tí kò ríbi sùn l'Ákùúrẹ́. SS2 ni mo ti kúrò nílé ìwé, nítorí náà inú mi dùn gan-an nígbà tí wọ́n so káàdì mọ́ mi lọ́rùn. Ìdájí la máa ń jáde, kí àwọn tó sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ká ẹní wọn. Ọ̀gá wa ní ẹnikẹ́ni tá a bá bá níbẹ̀, ká bi í léèrè ibi tó sùn mọ́jú, ká kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dé iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ kan l'Ọ́jà Ọba... Ìyá Ṣọlá ni mo rí, aládùúgbò wa l'Óǹdó, ìyá tó ń bọ́ mi nígbà tí màámi wà ní ọsibítù. Wọ́n ti we gèlè, wọ́n ti bọ́jú, ṣùgbọ́n ẹní ṣì wà nílẹ̀. Kí n tó lanu, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o jí ire? Ọkọ̀ àárọ̀ ni mo bá dé, mo wá raṣọ ni." Ọkọ̀ wo ló ti Oǹdó dé láago márùn-ún? Báwo ni n óò ṣe bi àgbà bẹ́ẹ̀ pé níbo lẹ sùn? Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ kú ìrìn mà, mo kọ "ó wá rajà", mo lọ. Mo ní mo bo àṣírí wọn. Láti ọjọ́ náà, àgbà yòówù tó bá ti múra, mi ò bi í mọ́... ó wá rajà, ó wá rajà.

Àṣé àwọn tá a kọ sínú ìwé yẹn pé wọ́n sùn síta nìkan ni wọ́n máa fún ní yàrá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún pàdé wọn. Àwọn télọ̀ ti fi irin dí iwájú ṣọ́ọ̀bù, abẹ́ búkà kan ní gáréèjì ni wọ́n ń sùn báyìí, ikọ́ sì ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n ní àwọn lọ béèrè yàrá, wọn ò bá orúkọ àwọn. "Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ọmọ àdúgbò wa ló kà wá. Ìwọ á ti fọgbọ́n kọ mí. Àwọn ará ọ́fíìsì ló sọ ọ́ nù." Wọ́n tún ṣàdúrà fún mi... mo ń ṣe àmín.

Yàrá ṣì kù, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti ìwé náà pa. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, wọ́n á sì lọ wádìí l'Óǹdó, níbi tí Ṣọlá ọmọ wọn ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá òun ni ìyá òun wà l'Ábújá. Ṣé kí n lọ bá ọ̀gá ni? Ṣé kí n kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu ìyá? Àwọn yòókù tí mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ wọn ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí lẹ máa ṣe ká ní ẹ̀yin ni? Ìyá Ṣọlá ò tíì mọ̀ pé èmi ni mi ò jẹ́ kí orúkọ wọn wọlé, mo sì jẹ wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ tí mi ò tíì bẹ̀.