Katakata Bàbá Rẹ Ti Jí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara àwọn ọmọ le, ṣé ìyàwó ń gbádùn? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé tí kò ní ọgbà yóò ṣọ́ ọ nínú ìlú tí aládùúgbò kì í ti í kí aládùúgbò. Àwa náà ń mí, ọpẹ́ ni.

Bàbá rẹ kò tíì sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì dá òun lójú pé ó ń gbọ́ nǹkan kan. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo kọ̀ jálẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ sí i, ṣé kì í ṣe èmi ni mo fòfin de ẹnu ọkọ mi nìyẹn? Ìdí tí mo fi ní kí a jí katakata tó fi ń túlẹ̀ oko nìyẹn. Ọjọ́ kan náà làwọn méjèèjì dùbúlẹ̀, ọdún mẹ́fà rèé, mo sì gbà pé bí ọ̀kan bá dìde, ojú yóò ti èkejì.

Fídíò bí wọ́n ṣe ń tún katakata ṣe tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo kí ọkùnrin inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró ká wá sípánà, kò dúró. Ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́. Mẹkáníìkì wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Kò-sí-ìṣòro, ní òun kò nílò ọ̀gá inú fóònù, pé ẹ́ńjìnì tó ju ilé wa lọ lòun ń tú. Ó da dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ inú táǹkì nù, ó dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ó fọ páìpù, ó pààrọ̀ fílítà, ó tú nọ́ọ̀tì kan díẹ̀, ó wá ń fọwọ́ fa pọ́ǹpù títí ìfófòó fi tán nínú epo. Ó ní atẹ́gùn tó há síbẹ̀ ni kò jẹ́ kí epo kọjá. Mo ní ohun tó ń ṣe bàbá náà nìyẹn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ló jí. Ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó ké. Mo sáré wọ yàrá, bàbá rẹ la ojú sílẹ̀. Àṣé okùn tí wọ́n ń fà láti fi pa ẹ́ńjìnì ti dípẹtà, ó já mọ́ Kò-sí-ìṣòro lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnì ń sáré sí i, ògiri ń gbọ̀n, òun náà wá ń ké níta pé ìṣòro ti dé o, kí kálukú sá!

Bàbá rẹ gbé ọwọ́ kan tó ṣì ṣeé gbé, ó fi bo imú àti ẹnu rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bì, mo gbé abọ́ wá, ó tì í dànù. Mo rò pé èéfín ni, mo ti fèrèsé, ó lu bẹ́ẹ̀dì. Ó tún bo imú, ó ń wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo olódo. Mo jáde lọ sọ fún Kò-sí-ìṣòro pé bàbá kò lè mí, mo sì fọwọ́ ara mi bo imú hàn án. Ló bá pariwo, ó gbé pátákó kan, ó fi dé ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa atẹ́gùn. Ó fún ẹ́ńjìnì náà lọ́rùn títí ó fi kú.

Nígbà tí mo padà wọlé, bàbá rẹ ń sunkún.

Ọmọ mi, ó ń gbọ́. Ó gbọ́ igbe níta, bí a ṣe máa pa ẹ́ńjìnì náà ló ń fi ọwọ́ kọ́ mi. Láti ọdún mẹ́fà ló ti ń gbọ́. Rántí pé ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ìwọ àti káfíńtà dúró sí nígbà tó fi okùn ìwọ̀n wọn gígùn bàbá rẹ, tí o ní kó má fi igi olówó gọbọi ṣe pósí rẹ̀ torí ilẹ̀ ló ń lọ.

Owó okùn tuntun àti fílítà méjì la nílò, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́. Fẹsẹ̀ ara rẹ gbé e wá. Ohun tí o sọ níbẹ̀, èmi kò lè bá ọ kó o jẹ.

Ọ̀nà yóò là fún ọ. Ọ̀rọ̀ kò ní í wọ́n ọ lẹ́nu nígbà tí o bá dúró níwájú rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.