Orúkọ Rẹ Wà Nínú Ìwé Iná

Akli ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun dáadáa ní Algiers? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ, oòrùn ò ní pa ọ́, iná ò ní jó ọ. Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè, àmọ́ ooru ti fẹ́ sè wá jinná. Ọjọ́ méjì péré ni ọ̀pọ̀tọ́ tí mo sá sórí òrùlé fi gbẹ, ó le bí òkúta.

Tí o bá pè tí n ò gbé e, má bínú. Fóònù tí o rà fún mi ló kọ ọ́ síwájú ara rẹ̀ pé ooru ti pọ̀ jù, kí n jẹ́ kí òun tutù ná. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fi aṣọ tí mo rẹ sómi wé e, mo gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tí a fi ń mú wàrà tutù. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń sinmi, kò tíì sọ pé ara òun ti yá.

Èéfín wà lórí òkè kejì láti àná. Bàlúù tó ń pa iná ń kọjá lórí wa ṣáá, wọ́n ní inú òkun ló ti ń pọn omi. Jọ̀ọ́, má lọ lúwẹ̀ẹ́ lókun lásìkò yìí, kó má baà bù ọ́ mọ́ omi, kó wá dà ọ́ sórí iná.

Ọkàn mi ò balẹ̀, Akli. Mo jókòó, mo dìde, mo tún lọ gbóòórùn èéfín lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Mezian ọmọ alágbẹ̀dẹ àti ìgbìmọ̀ abúlé ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí wọ́n lè mọ iye ẹni tí wọ́n máa kó jáde bí iná bá dé. Mo ní àwa mẹ́ta ni: èmi, bàbá rẹ, àti ìwọ. Mezian ní Màmá, ṣé Akli ṣì ń sùn níbí ni? Mo ní ṣé kò rí bẹ́ẹ̀dì rẹ tí mo tẹ́ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ẹni tó bá kù sínú ilé, òun fúnra òun á wọlé lọ gbé e.

Àtìgbà yẹn ni n ò ti rí oorun sùn. Bí iná bá dé, èmi àti bàbá rẹ á jáde, wọ́n á kà wá, wọ́n á ní ó ku ẹnì kan, Mezian á sì wọ inú iná lọ máa wá ọ. Òun nìkan ni ọmọ tí alágbẹ̀dẹ ní. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ bá wọn pé kí wọ́n pa orúkọ rẹ rẹ́. Bí mo bá débẹ̀, ẹnu mi kì í lè sọ ọ́. Màá kàn kí wọn kú ooru, màá padà sílé.

Fi dínárì díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi gba ẹni tó máa gé koríko ẹ̀yìn ilé, ó ti dé orúnkún. Bàbá rẹ fẹ́ sun ún bí bàbá tiwọn ṣe máa ń ṣe, mo sì ti kó gbogbo ìṣáná pamọ́ sínú àpò ìyẹ̀fun. Àbí kí o má wulẹ̀ fowó ránṣẹ́. Wá gé e fúnra rẹ. Sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ mi má baà di irọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kí o lọ fi ọwọ́ ara rẹ pa orúkọ rẹ rẹ́.

Ọlọ́run á gbé ọ dé láyọ̀. Bí o bá ń gòkè bọ̀, mú omi dání, má rìn lọ́sàn-án gangan.

Èmi ni ìyá rẹ, Werdia. Mo ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà.