Àpótí Tí Kò Gbà Ju Ìkíni Lọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun: ṣé ìkíni ló gùn jù ni, àbí ilé tí o kọ́ fún ọ̀rọ̀ ló kéré jù? Má tíì dá mi lóhùn. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ kò ní í pa yín, ojú tí ẹ fi ń wo kọ̀ǹpútà látàárọ̀ kò ní í fọ́.

Láti ìgbà tí fóònù wa ti já sínú omi ìfọṣọ, kọ̀ǹpútà tí o gbé wálé ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ètò tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe sínú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀, àpótí funfun gbọọrọ kan yọ, ọ̀rọ̀ tó rí bí eérú sì wà nínú rẹ̀ pé kí n kọ tèmi síbẹ̀. Bí mo ṣe tẹ lẹ́tà kan báyìí, ọ̀rọ̀ eérú náà sá lọ. Mo tọrọ àforíjì, nítorí mo rò pé mo ti já lu ọ̀rọ̀ rẹ ni. Igi tín-ín-rín kan tún wà níbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú sí mi. Mo gbà pé ìwọ lo ń dúró lódìkejì, nítorí náà n kì í lè dìde lọ sùn. Ta ní í fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìdúró?

Ìyá rẹ ń ṣàìsàn. Nǹkan kan wú sí i nínú ikùn, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Ó kọ̀. Ó ní òun kò ní í gun orí tábìlì wọn àfi bí òun bá kọ́kọ́ fojú kàn ọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sí ọ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo kí ọ tán, mo ṣàdúrà tán, ibẹ̀ ni lẹ́tà kò ti yọ mọ́ nínú àpótí, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ ní tèmi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti ń gba abẹ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ, bí omi ṣe ń gba inú páìpù tí ẹnikẹ́ni kì í rí i. Mo tẹ iṣẹ́ abẹ, mo tẹ ẹkún ìyá rẹ pàápàá. O dáhùn pé àmín o, Bàbá mi, inú mi dùn pé ara yín le. Ìyá rẹ ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó ló là mí lójú lánàá. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ẹ̀yin náà, ìkíni yín ti kún inú ilé, ibo ni àlejò fẹ́ jókòó sí? Ó ní ẹni tó ṣe àpótí náà ló fi òdiwọ̀n sí i, ohun tó bá lé, dànù ni. Mo ní ọmọ mi ló ṣe é. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n yọ ìkíni kúrò, kí n kọ ọ̀rọ̀ gan-an. Mo kọ ọ́: ìyá rẹ ń ṣàìsàn, máa bọ̀. Mo wò ó bó ṣe dá dúró níhòòhò, láìsí ẹ kú, láìsí báwo ni. Bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nìyẹn. Mo pa á rẹ́, kí o má baà ṣubú lórí àga.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi tó sọ pé nǹkan tuntun máa ń sún ènìyàn mọ́ra. Bóyá. Ó ti rẹ̀ mí láti bá wọn jiyàn.

Awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni yóò mú ìwé yìí wá. Bí owó bá wà lọ́wọ́, mú díẹ̀ dání fún ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí, ẹsẹ̀ rẹ ni mo ń tọrọ. Nígbà tó o bá padà sẹ́nu iṣẹ́, fẹ àpótí náà sí i, nítorí àwọn bàbá mìíràn. Ọ̀nà yóò là fún ọ. Ẹ ó fojú rinjú, ìwọ àti ẹni tó bí ọ.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Ìyá rẹ jí, ó béèrè pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti òru. Mo ní ìwọ ni. Ó ní kí ni ìwọ fi dá mi lóhùn. Mo pa fìtílà.