Ìrọ̀rí Tó Yẹ̀ Nínú Ẹ̀yìn Bàbá Rẹ

Wuryani ọmọ mi, Nduk, ọmọbìnrin mi àtàtà,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run bá ọ nínú ilé gogoro tí ẹ ń gbé lórí ara yín ní Jakarta yẹn. Kí ẹni tó wà lókè orí rẹ má jìn lé ọ lórí, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ má fi iná ṣeré. Ṣé o ń jẹun? Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà, ṣé o ń jẹun? Ọkọ rẹ ńkọ́? A kí i o.

Ara wa le níbí. Màlúù wa ti bímọ, abo ni. Òkè Sumbing dákẹ́ jẹ́ẹ́, ewé tábà sì ń tẹ́ rẹrẹ. Fóònù tó o rà ránṣẹ́ náà wà láàyè, ìyá rẹ ń fi aṣọ wé e lálaalẹ́ torí òtútù. O ráhùn pé tó o bá pè wá ká lè jọ ríra, etí mi nìkan lò ń rí. Nduk, etí ni mo fi ń gbọ́ràn, kí wá ni kí n gbé síbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tó o sọ níjọ́sí, pé ká ta oko tábà òkè kí o lè mú mi wá sí Jakarta kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lẹ́yìn, mo ti rò ó. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má tíì wá ẹni tó máa rà á. Fara balẹ̀ kí o gbọ́ ohun tójú wa rí.

O mọ̀ bí mo ṣe wà láti ọjọ́ tí mo ti gbé apẹ̀rẹ̀ tábà tútù tí nǹkan sì já pọ́ ní ìbàdí mi. Ìrora á gba ìdí wọ itan, á sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni ń fa okùn, mo wá ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀yìn ń dun ìyá rẹ náà, àmọ́ òun kì í sọ, ó kàn máa ń gbá ìkòkò mọ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn dókítà kan wá láti ilé ìwòsàn ńlá nínú ìlú, wọ́n pe gbogbo ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn sí gbọ̀ngàn abúlé, wọ́n ní ìwádìí làwọn ń ṣe. Bí mo ṣe gbọ́ ìwádìí, àyà mi já, mo rò pé ti ọlọ́pàá ni. Mo yáa sọ fún wọn kíá pé ẹ̀yìn ló ṣe mí, èmi ò ṣe ẹnikẹ́ni.

Dókítà Harini ni olórí wọn, ọmọbìnrin kan tó kéré bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tó sì ní sùúrù bí ẹni tó ti darúgbó. Ó ní kí n fún ìrora mi ní máàkì, láti òdo dé mẹ́wàá. Mo gba méje. Inú mi dùn, torí mi ò gba méje rí nílé ẹ̀kọ́. Àfi bí wọ́n ṣe pe ìyá rẹ tó gba mẹ́jọ! Nduk, obìnrin tí kò kàwé kọjá kíláàsì kejì! Mo padà lọ bá Dókítà, mo ní mo ti tún un rò, mẹ́wàá ni tèmi. Ó wò mí, ó ní Bàbá, ẹni tí ìrora rẹ̀ bá tó mẹ́wàá kì í lè sọ̀rọ̀. Mo ní òótọ́ ni, èmi náà ò lè sọ̀rọ̀, mo sì ń ṣàlàyé bí mi ò ṣe lè sọ̀rọ̀ fún un títí wọ́n fi gbé oúnjẹ ọ̀sán dé.

Wọ́n wá fi ọkọ̀ kó wa lọ sílé ìwòsàn láti ya inú ẹ̀yìn wa ní fọ́tò. Wọ́n gba bẹ́líìtì mi, wọ́n gba òrùka mi, wọ́n tì mí bọ inú ihò kan bí búrẹ́dì tó ń wọ ààrò lọ. Mi ò tíì ráyè gbàdúrà tán tí ẹnì kan fi ń kanlẹ̀kùn, gbà-gbà-gbà! Mo ní ẹ wọlé. Kò wọlé. Gbà-gbà-gbà! Mo ní ẹ wọlé o, a ò tìlẹ̀kùn. Bó ṣe ń kàn án ni mò ń dá a lóhùn, títí wọ́n fi fà mí jáde. Mo bi ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pé ta ni àlejò aláìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ohun tó rí nínú ẹ̀yìn mi ló ń pa á lẹ́kún.

Dókítà Harini fi fọ́tò náà hàn mí. Ó ní láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn wa, ìrọ̀rí kéékèèké ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú tèmi ló yẹ̀ kúrò nípò, tó wá ń ti iṣan ẹsẹ̀ mi. Ó yé mi dáadáa. Nígbà tí a délé, mo ní kí ìyá rẹ tú ìrọ̀rí wa kó dín òwú inú rẹ̀ kù. Ó ní ìrọ̀rí inú ara ni Dókítà ń wí, kì í ṣe ti orí ẹní. Mo ní ta ló gbé e wọ inú ara mi? Ó ní òun ò mọ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ tóun ti ń sọ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà máa pín wa sọ́nà méjì. Àwọn kan máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń na ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń mí àti bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù. Àwọn yòókù máa gba ìwé pélébé kan, wọ́n á máa bá ayé wọn lọ títí òjò á fi dá, ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó kọ́ àwọn náà, kí àwọn dókítà lè fi ẹ̀yìn wé ẹ̀yìn. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ́ ọ kò gbọdọ̀ fi han ẹni tó gbàwé. Kọ̀ǹpútà mú ìyá rẹ fún ẹ̀kọ́, ó mú èmi fún ìwé. Mo bi Dókítà pé kí ni mo fi ṣe kọ̀ǹpútà. Ó ní kò sí ìjà níbẹ̀, bí ẹni ṣẹ́ gègé ni.

Nduk, o mọ̀ pé àwa kì í jẹ́ orúkọ ìdílé. Kasimin ni mò ń jẹ́, ó parí síbẹ̀. Ìyá rẹ ń jẹ́ Ngatirah, ó parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi wá. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ̀ pé orí ẹní kan náà ni Kasimin àti Ngatirah ń sùn?

Ìyá rẹ ti ṣèlérí, o sì mọ ìyá rẹ. Tílẹ̀ bá ti mọ́, á wọ ilé ìdáná, á tìlẹ̀kùn, á fi aṣọ dí ojú fèrèsé. Màá ní kí lò ń ṣe níbẹ̀? Á ní ìwádìí ni. Màá ní èmi ọkọ rẹ ni mò ń bi ọ́ o. Á ní lọ ka ìwé rẹ. Mo kà á. Ó ní kí n má bẹ̀rù, kí n máa rìn, kí n má dùbúlẹ̀ gbalaja. Mo kà á tán, ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí. Mo wá fi ọ̀já dì í mọ́ ìbàdí mi kó lè ráyè ṣiṣẹ́. Òógùn bò ó, ó ya.

Ó pẹ́ díẹ̀, mo rí ìyá rẹ tó bẹ̀rẹ̀ mú ata kan ṣoṣo nílẹ̀, tó sì nà ró láìdi ohunkóhun mú. Ó ń kọrin. Inú mi dùn sí i, inú sì bí mi, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Ògiri ọparun tó wà láàárín ilé ìdáná àti ibùso màlúù ní ihò kan. Mi ò yọjú o, ojú mi ló yọ fúnra rẹ̀. Mo rí i tó fi ọwọ́ àti orúnkún kúnlẹ̀, tó ń gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo ní ìyẹn náà ni? Èmi náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù, mo gbé ẹ̀yìn tèmi sókè pẹ̀lú agbára, bí ẹni fẹ́ gbé ọmọlanke. Nǹkan há. Mi ò lè lọ, mi ò lè bọ̀. Màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í lá mi létí.

Lik Sarpan, àbúrò ìyá rẹ, ló wá yá ọkọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń bá màlúù sọ? Mi ò lè dáhùn, ìrora ti gba ẹnu mi. Ló bá kígbe pé ẹ gbà wá o, ẹbọra ti gùn ún! Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo àdúgbò ti pé. Ẹnì kan ń wọ́n omi sí mi, ẹnì kan ń ka àdúrà, ẹnì kan ní kí wọ́n mú màlúù jáde bóyá òun ló fà á. Ẹ̀rín ni lójú rẹ, Nduk, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi mo rò pé ó ti parí. Mo rò pé báyìí ni wọ́n ṣe máa gbé mi wọ Jakarta, lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí tábìlì, tí oko sì máa lọ.

Ìyá rẹ dé tòun ti ìgbakọ. Ó wò mí. Ó wòkè, ó ní Dókítà Harini, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ló bá jókòó sínú ìgbẹ́ màlúù, ó gbé ọwọ́ lé ìdí ẹ̀yìn mi, ó ní mí sínú, Bàbá Wuryani, mí síta, má jà á, fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, fi ọwọ́ ti ara rẹ, má fi ẹ̀yìn dìde. Díẹ̀díẹ̀ ló tú. Mo dìde. Àwọn tó wá wo ẹbọra pàtẹ́wọ́. Àwọn tó gbàwé ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì wo gbogbo rẹ̀ fínnífínní.

Láti ọjọ́ náà, èmi àti ìyá rẹ la jọ ń ṣe é, kò tìlẹ̀kùn mọ́. Nígbà tí Dókítà Harini padà dé láti wá gba máàkì wa, mo ti múra sílẹ̀: mo fajú ro, mo tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Bó ṣe ń kọ̀wé, bíìrò rẹ̀ já bọ́. Nduk, ọmọ ènìyàn kì í jókòó wo kí àlejò mú nǹkan nílẹ̀ nílé rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, mo mú un, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀ ni mo tó rántí pé ara mi ò yá.

Ó ní Bàbá, ta ló kọ́ yín? Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ó ní ta ni ìyàwó yín? Mo ní Ngatirah. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ tó ń gbé tíì bọ̀. Ó ní tọkọtaya ni yín! Ó jókòó sílẹ̀, ó bojú. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, nígbà tó gbójú sókè, méjèèjì ló wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi ìyá rẹ sẹ́wọ̀n, èmi ló yọjú. Ó ní kò sí ẹ̀wọ̀n, pé òun máa kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, abúlé wa máa dá dúró lọ́tọ̀, ìwádìí ṣì wà láwọn abúlé yòókù. Ó ní láti ìsinsìnyí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn máa bi èèyàn ni ẹni tó ń bá sùn. Mo ní ìyẹn ò bójú mu lójú àwọn àgbà, kó tún un rò.

Ó wá fi òòlù kékeré gbá orúnkún mi, ẹsẹ̀ mi fò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á nímú, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló yẹ kó rí. Ó ní kí n fi gìgísẹ̀ rìn, mo rìn. Ó ní agbára wà lẹ́sẹ̀ mi, pé ìrọ̀rí tó yẹ̀ lè rọ fúnra rẹ̀, kò sí ohun tí ọ̀bẹ ń wá lẹ́yìn mi báyìí. Àmọ́ tí ẹsẹ̀ mi bá ń kú, tàbí tí mi ò bá lè mú ìtọ̀ dúró, kí n má ṣe dúró kílẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni. Ó ṣì ń dùn mí láàárọ̀ tí òtútù bá mú. Mẹ́ta ni mo gbà, wọ́n sì kí mi kú oríire. Nítorí náà, a ò ta oko.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, Simbah rẹ. Lebaran méjì, ìyẹn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ni mi ò fi lè kúnlẹ̀ kí i, mo kàn ń nà ró, mò ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Kò ríran mọ́, kò sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń ṣe mí, mi ò fẹ́ kó máa ronú. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo gbé orí lé e lórúnkún. Ó fọwọ́ pa orí mi títí. Ó ní, o pẹ́ o, Kasimin, mo ti rò pé nítorí o lọ́mọ ní Jakarta, o ti ga ju ilẹ̀ lọ. Mo pẹ́ kí n tó dìde. Kì í ṣe ẹ̀yìn ló fà á.

Tó bá rọrùn fún ọ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ẹní tó nípọn, ìyá rẹ kì í jẹ́ kí n lo tirẹ̀. Má fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ báǹkì inú ògiri yẹn o. Mo kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ dáadáa nígbà tí mo lọ, kò dáhùn, ó gbé káàdì Lik Sarpan mì. Fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé.

Ìwọ náà, dìde lórí àga ọ́fíìsì yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹrù tó ju agbára rẹ lọ, kò ní kàn ọ́. Ẹ̀yìn rẹ kò ní tẹ̀, àyàfi níwájú Ẹlẹ́dàá àti níwájú àwọn tó bí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kasimin