Páǹpù Àpọ̀nsẹ́yìn àti Èpò Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

Láti ọ̀dọ̀ Olóyè Ẹkúndayọ̀ Ikúmápàyí, Olórí Ọlọ́sìn Màlúù fún gbogbo Bàrígà títí dé Pedro, ẹni tí àwọn ọlọ́pàá pàápàá máa ń kí, sí ọmọ rẹ̀ ọ̀wọ́n Mojíbọ́lá, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, Èkó.

Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òyìnbó ọ̀gá rẹ kì í jágbe mọ́ ọ? Èmi baba rẹ wà, ìyá rẹ wà, Folúkẹ́ àbúrò rẹ obìnrin wà, Adébọ̀dé àbúrò rẹ náà wà, ìwà rẹ̀ sì ti dára débi pé ó ń ya gbogbo ilé lẹ́nu. Ọlọ́run tó mú ọ kọjá afárá lọ sí Èkó yóò mú ọ kọjá a pa dà wálé, kò sì ní jẹ́ kí ìka rẹ kọsẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Má wá ọjọ́ lókè lẹ́tà yìí o. Màlúù pupa ti jẹ kàlẹ́ńdà ìjọ wa láti oṣù kìíní títí dé ibi tí ọdún dé, a ń ṣọ́ ìyókù.

Kí n tètè sọ ìdí tí mo fi kọ̀wé, nítorí ara mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, alápatà ń bọ̀ wá kó màlúù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi fúnra mi ni mo pè é. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó wá. Nítorí náà, bí lẹ́tà yìí bá ti dé ọwọ́ rẹ, kọ̀wé sí mi pẹ̀lú ìbínú, kí o sọ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ ta màlúù kankan. Èmi yóò gbọ́. Ẹni tó máa ń gbọ́ràn sí lẹ́tà ni mí.

Páǹpù tí o bá wa yá ní ọ́fíìsì yín dé láyọ̀, òun àti agolo oògùn èpò rẹ̀. Adébọ̀dé ló ka fọ́ọ̀mù tó bá a wá fún mi. Fọ́ọ̀mù náà bèèrè pé báwo ni ara nǹkan náà ṣe rí nígbà tó dé, mo ní kó kọ ọ́ pé ara rẹ̀ le, àfi ikọ́ díẹ̀ tó máa ń wú bí a bá kọ́kọ́ fà á láàárọ̀. Ó bèèrè pé ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, mo ní ìyá rẹ ni. Ìyá rẹ sì ti fi aṣọ bò ó nítorí òtútù.

Ọjọ́ kejì tó dé, ìyẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wolé-wolé kan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí wọ àdúgbò. Ó pọ̀n páǹpù tó jọ tiwa, ó dé fìlà tó jọ tèmi bọ ojú, ó sì ń ti imú sọ̀rọ̀. Bí àwọn obìnrin ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré bo ìkòkò omi. Ó ní kí Àyúbà, àyálégbé wa tó ń tẹ̀wé ní Bájúláyé, gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọkùnrin náà gbá a. Ìyá Serifat aládùúgbò wa nìkan ló ní òun ò rí wolé-wolé tó kéré báyìí rí, ni wolé-wolé bá ní inú ilá rẹ̀ ni ẹ̀fọn ń gbé, ó sì fín in láti orí dé ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ mélòó kan ni ilá náà ti ń yí ọrùn, ewé rẹ̀ ká bí ìwo àgbò. Ìyá Serifat ní ìjọba ló pa ilá òun. Adébọ̀dé ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn o. Ó lọ fọ aṣọ ara rẹ̀ lódò.

Ọjọ́rú ni èmi wá fín pápá. O kọ ọ́ pé oògùn inú agolo náà kì í pa koríko, èpò nìkan ló ń pa. Mo rò ó títí. Báwo ni yóò ṣe dá wọn mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìlú òyìnbó ló ti wá? Mo bá já patanmọ́ kan, mo já tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún kan, mo já ìmí-eṣú, mo gbé wọn síwájú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dárúkọ wọn fún un. Lẹ́yìn náà mo já koríko, mo ní èyí ọmọ ilé ni, kó má fọwọ́ kàn án. Mo pọ̀n páǹpù. Ó wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, kì í sì í sùn. Ẹ̀ẹ̀méje ni mo rọ ọ́ kún. Bí mo bá ti fín patanmọ́ a dọ̀bálẹ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí mo bá bojú wẹ̀yìn a ti dìde.

O ní kí màlúù má wọ pápá fún ọjọ́ méje. A so wọ́n mọ́lẹ̀ láàárín ilé ìdáná àti fèrèsé, Folúkẹ́ ń ru koríko wá fún wọn láti ọ̀nà Ṣómólú. Wọn ò sùn, àwa náà ò sùn. Àyúbà ní ọ̀kan lá etí òun níbi tí òun ti ń kírun. Ọjọ́ méje ti pé lánàá, èpò ò kú. Mò ń lọ wò ó láàárọ̀, mò ń lọ wò ó lọ́sàn-án, ìyá rẹ ní kí n jókòó, mo jókòó, mo tún dìde. Patanmọ́ ti tanná. Mo ta ọkọ̀ ojú omi mi nítorí màlúù wọ̀nyí, àwọn ará wa létí ọ̀sà ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe alápatà.

Nítorí náà, fi agolo oògùn mìíràn ránṣẹ́, irú ti àkọ́kọ́ gan-an, Adébọ̀dé ni kí o fi lé lọ́wọ́, má fún èmi. Fi ṣílè méjì sí i fún kàlẹ́ńdà àti irúgbìn ilá fún Ìyá Serifat, àánú lásán ni. Bí o bá sì gbọ́ ohunkóhun nípa Adébọ̀dé, rántí pé òun nìkan ni àbúrò rẹ ọkùnrin. Ọlọ́run yóò gbé ọ ga, ọ̀gá rẹ yóò máa dìde fún ọ ní àga.

Àǹtí Mojí, Adébọ̀dé nìyí, ó ti rẹ̀ mí. Èmi ni. Bàbá ò mọ̀ pé mò ń kọ èyí. Wọn kì í ṣe olóyè, ọlọ́pàá kankan ò sì kí wọn rí. Èmi ni wolé-wolé náà. Gbogbo oògùn inú agolo ni mo dà sínú páǹpù kó lè rùn bíi ti wolé-wolé gidi, mo sì fín in tán sórí ilá àti sínú gọ́tà. Mo wá fi omi ewúro kún agolo, torí ó máa ń hó bíi ti oògùn náà. Omi ewúro ni Bàbá ń dárúkọ èpò fún. Èmi ni mo bá wọn di páǹpù mọ́ ẹ̀yìn. Okùn rẹ̀ ti bó wọn léjìká, Màmá ń fi òrí pa á.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti lọ bá wọn láti jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mo fi ohùn pásítọ̀ sọ nǹkan mìíràn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ yìí wọ́n ní kí n wá bá wọn kọ̀wé sí yín. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ ò ju èyí lọ: kí n sọ fún Mojí pé oògùn ọ́fíìsì wọn dára, àwọn ni àwọn ò mọ̀ ọ́n fín, kí ó bá àwọn bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó má bínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí ọjọ́ Ajé tó dé. Ẹ mú agolo kan dání, kí ẹ sì dúró tì mí nígbà tí mo bá ń sọ ọ́ fún wọn. Mò ń rí wọn láti ojú fèrèsé báyìí. Wọ́n tún ti pọ̀n páǹpù, wọ́n ń lọ fín omi ewúro tó kù, wọ́n ní bóyá àwọn fo ibì kan.

Adébọ̀dé